Bí Ooru Ọjọ́ Eré Ìje Ṣe Wọ Kíndìnrín Mi

Bí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé ooru ti ṣe kíndìnrín rẹ léṣe, tí o jókòó síbì kan tí ò ń wo ògiri bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀, ìwọ ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Èmi náà ti wo ògiri yẹn rí. Mi ò ní fi èdè àwọn oníṣègùn dà ọ́ láàmú, torí èmi fúnra mi kò gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ, bó ṣe tẹ̀ léra. Àwọn ibì kan wà tí mi ò rántí. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi ló sọ wọ́n fún mi. Àwọn ibì kan sì wà tí mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ojú ayé ni mo ti rí wọn tàbí ojú àlá.

Fúnmiláyọ̀ lorúkọ mi, Ìyá Tómi ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, Ìkirè ni ọkọ mi ti wá, Èjìgbò la sì ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsọlọ̀. Ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn ni mo fi ń jẹun. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, mo lè ṣàlàyé ọyẹ́ fún ọ, ibi tó ti ń fẹ́ wá àti ìgbà tó ń lọ. Gbogbo ìmọ̀ yẹn wà lórí mi lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò sì gbà mí.

Eré sísá kì í ṣe iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lára mi, dókítà sì ní kí n máa rìn. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa, Àǹtí Rẹ̀mí, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Òun àti àwọn mélòó kan máa ń pàdé ní Apákun láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á rìn lẹ́bàá títì tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú kí àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó pàtẹ. Ó ní kí n máa bọ̀, mo lọ. Nígbà tó yá, ìrìn di ìrìn kíá, ìrìn kíá sì di eré. Mo rí i pé bí mo bá ti sáré dé ibì kan, ariwo orí mi á dákẹ́. Ọ̀rọ̀ iléèwé, ọ̀rọ̀ owó ilé, ọ̀rọ̀ ohun tí a máa jẹ, gbogbo rẹ̀ á dúró lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ á máa lọ fúnra rẹ̀, èmi á kàn máa léfòó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti sáré rí mọ ohun tí mò ń wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí oorun.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kan lágbègbè wa kéde eré ìje ìdajì máratọ́ọ̀nù, tó jẹ́ kìlómítà mọ́kànlélógún, Àǹtí Rẹ̀mí ní, "Fúnmi, a ò lọ gba ipò kankan o. Ká ṣáà ti sá a parí."

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Tómi, ṣé ẹnì kan ń lé ẹ ni?" Ṣùgbọ́n òun náà ló lọ ra bàtà tuntun fún mi ní Aswani, tó sì ń wò mí nígbà tí mò ń wọ̀ ọ́ wò ní pálọ̀.

Àkókò ọyẹ́ ni. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ojú ọ̀run funfun bí ìyẹ̀fun, ètè ń bó, omi inú garawa máa ń tutù láàárọ̀. A ti fọkàn sí i pé inú ọyẹ́ la máa sáré. Ọ̀fìnkìn mú mi láàárín ọ̀sẹ̀, ara mi sì gbóná díẹ̀. Mo lo oògùn, mo ní ó ti lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ eré, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, òjò kan tí kò yẹ kó rọ̀ rọ̀. Kò pọ̀, ó kàn fi omi bo ilẹ̀ ni. Nígbà tí a fi máa dé ẹnu géètì Jákáńdè níbi tí eré ti máa bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Oòrùn yọ, ilẹ̀ ń rú èéfín, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá. Èémí wúwo nínú imú. Àfi bíi pé wọ́n kó gbogbo wa sínú ìkòkò, wọ́n sì dé e.

Àwọn tó ṣètò eré náà kò bẹ̀rẹ̀ lásìkò, nítorí wọ́n ń dúró de ẹni ńlá kan tó máa ju àsíá. A dúró sínú oòrùn, à ń ta ẹsẹ̀. Àǹtí Rẹ̀mí nu ọrùn rẹ̀.

"Ojú ọjọ́ yìí ò dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká rọra lọ. Ẹni tó bá rẹ̀, kó jókòó. Kò sẹ́ni tó máa bi wá."

Ìdajì àkọ́kọ́ dùn. A gba Ìsọlọ̀ kọjá, a gba Aswani, a dé Ọ̀ṣọ́dì, a yí sí Apákun. Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo rí ọmọ iléèwé mi kan tó ń juwọ́ sí mi, mo sì ń rò ó pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo kíláàsì ló máa gbọ́. Ara mi ń ṣàn fún òógùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. Níbi tábìlì omi kejì, kò sí omi mọ́. Àwọn tó ṣáájú ti mu ún tán. Mo ní kò burú, òmíràn wà níwájú.

Lójú ọ̀nà àbọ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àmì àkọ́kọ́ tí mo rí, mi ò mọ̀ pé àmì ni. Otútù mú mi. Òógùn ń ṣàn lára mi, oòrùn wà lórí mi, síbẹ̀ irun apá mi dìde, mo sì ń gbọ̀n. Mo tilẹ̀ dúpẹ́, mo ní ọyẹ́ ti ń padà bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sáré, ẹ di ibí yìí mú. Bí otútù bá mú ọ nínú oòrùn, dúró. Má ṣe rò pé torí pé ò ń làágùn, kò séwu.

Lẹ́yìn náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, orí fífọ́ tó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń kan ìṣó lókèèrè. Ẹsẹ̀ mi di ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ohùn àwọn èèyàn jìnnà sí mi. Títì tó wà níwájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó ń mì, nígbà tó sì yá, ó di omi. Kò bà mí lẹ́rù. Mo mọ omi náà. Odò Ògùn ni, níbi tí bàbá mi ti máa ń fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orókún, ó bẹ̀rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́. Mo ń sáré lọ bá a. Ara mi fúyẹ́. Mi ò tíì láyọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, òtítọ́ ni mo sọ.

Àǹtí Rẹ̀mí ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya sọ́tùn-ún ya sósì. Ó pè mí, mo fi èdè Ẹ̀gbá dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ èmi àti òun kì í sọ Ẹ̀gbá. Mo ń pè é lórúkọ ìyá mi. Ó ní kí n jókòó, mo bínú, mo já ọwọ́ mi gbà, mo tún sáré díẹ̀ sí i. Nítòsí Aswani ni mo ṣubú sí.

Èrò pé lé mi lórí. Ẹnì kan ń fẹ́ da omi sí mi lẹ́nu, ẹlòmíì ní kí wọ́n fi àlùbọ́sà sí mi nímú, ẹlòmíì ti ń gbàdúrà. Àǹtí Rẹ̀mí fọwọ́ kàn mí, ó ní ara mi gbóná bí ìdí ìkòkò. Ó gbójú sókè, ó rí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín ní òdìkejì títì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí firísà yín fún mi," ló wí. "Gbogbo yìnyín tó bá wà níbẹ̀ ni mo fẹ́. Tí ara rẹ̀ ò bá tutù báyìí, a ò ní bá a mọ́."

Ìyá ẹlẹ́ja yẹn kò bèèrè ẹni tó máa sanwó. Ó ní, "Ẹ gbé e wá." Wọ́n gbé mi sínú ọpọ́n ńlá tó fi ń fọ ẹja, wọ́n da omi yìnyín lé mi lórí, wọ́n kó yìnyín sí mi lábíyá àti lọ́rùn. Obìnrin aláṣọ kan ju ìró aṣọ tó ń tà sílẹ̀, wọ́n rì í sómi, wọ́n fi bò mí, ẹlòmíì sì ń fi páálí fẹ́ mi. Wọn ò dẹ́kun títí mo fi la ojú mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ojú ẹja kan, ní ẹ̀gbẹ́ ojú mi gan-an, tó ń wò mí. Mo bi í pé ṣé a ti parí eré.

Dókítà tó tọ́jú mi lẹ́yìn náà sọ pé inú ọpọ́n yẹn ni ẹ̀mí mi ti bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Marwa gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ibẹ̀. Wọ́n fa omi sí mi lára. Ọkọ mi sáré dé láti ibi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó fa imú.

"Kí ló ń rùn bí ẹja báyìí?"

"Èmi ni," mo wí, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tàn wá jẹ. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ta ló máa rò pé nǹkan kan ń kú nínú rẹ̀? Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, wọ́n ní kí n máa lọ sinmi nílé. Àǹtí Rẹ̀mí kò fẹ́. Ó bẹ̀ wá pé ká lọ sí ọsibítù ńlá. Ó rẹ̀ mí, ó rẹ ọkọ mi, a ní ká wò ó dọ̀la. Ó wá tẹ ọwọ́ mi mú, ó ní, "Máa wo ìtọ̀ rẹ, Fúnmi. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, pè mí. Ohun tó wù kó jẹ́, pè mí."

Lọ́jọ́ kejì, mi ò lè na ẹsẹ̀. Itan mi wú, ó le bí igi. Nígbà tí mo tọ̀, díẹ̀ ló jáde, ó sì dúdú bí àgbo. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wò ó. Mo rò pé mo ṣì ń lálàá.

Ìyá ọkọ mi wà nílé wa nígbà náà, ó wá láti Ìkirè wá kí wa. Mo fi hàn án. Ó ní kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀, ibà pọ́njú ni, òun sì mọ ewé rẹ̀. Kí n tó padà dórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti ń gbọ́ òórùn àgbo láti kíṣìnnì.

Mo pe Àǹtí Rẹ̀mí. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán tó fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó wo ìtọ̀ náà, ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní, "Bàbá Tómi, ẹ wá mọ́tò báyìí."

Màmá gbé ife àgbo dání, ó dúró sáàárín yàrá. "Kó kọ́kọ́ mu èyí ná."

"Màmá, ẹ má bínú," ni Àǹtí Rẹ̀mí wí. "Ibi tí àgbo yẹn máa gbà jáde gan-an ló ti dí. Bó bá mu ún, kò níbi tó máa gbà."

Màmá kò bínú sí i. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni bàbá ọkọ rẹ fi rìn wọ ọsibítù. Mo gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e. Pósí ló gbé e jáde." Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kì í ṣe pé ó fẹ́ borí ẹnì kankan. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọkọ mi dúró láàárín àwọn méjèèjì, kò mọ èyí tó máa ṣe. Màmá gbé fóònù, ó pe pásítọ̀ wọn ní Ìkirè kó lè bá òun dá sí i, kó sì kéde ààwẹ̀ gbígbẹ fún mi. Ó fi ohùn rẹ̀ sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. Pásítọ̀ náà fetí sílẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Màmá," ló wí, "ẹni tí omi tán lára rẹ̀ kì í gba ààwẹ̀. Àdúrà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Ẹ gbé e dé ọsibítù kí n tó ṣe àmín."

Màmá gbé ife náà kalẹ̀ sórí tẹlifísàn. Òun ló bá mi wọ bàtà.

Mi ò mọ bí a ṣe pẹ́ tó lórí ìlà ní ọsibítù ìjọba. Wọ́n gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gùn, èèyàn jókòó lọ́tùn-ún lósì. Fáànù kan ń yí lókè, ó ń ké, ó ń dákẹ́. Nígbà mìíràn, ó máa ń dà bíi pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ló ń lọ, tí èmi dúró. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ní mo sáré ni. Ó mi orí, ó ní, "Lágbàlagbà?" Ó sì fún mi ní ìdajì ọsàn rẹ̀. Mi ò lè jẹ ẹ́, mo dì í mú títí wọ́n fi pè mí.

Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ mí wò, kékeré ni, ó lè jẹ́ ọmọ tí mo kọ́ níwèé. Ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá mo ti mu àgbo tàbí oògùn ara ríro láti ìgbà tí mo ti ṣubú. Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ṣé mà." Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, ó fa àga, ó jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé.

"Ooru yẹn se àwọn iṣan ẹsẹ̀ yín, mà. Díẹ̀ nínú wọn yọ́. Ìdọ̀tí tó jáde lára wọn ló lọ dí kíndìnrín yín, bí ìgbà tí pàǹtírí bá dí gọ́tà. A máa fi ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀ yín."

Ògiri tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló wà. Ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ yẹn kì í padà sílé mọ́, àfi kó ta gbogbo ohun tó ní kó tó kú. Mo bi í pé, "Ṣé kíndìnrín mi ti kú ni?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ó sùn ni. Ẹ̀rọ yẹn máa bá a ṣiṣẹ́ títí tó fi máa jí. Ó lè pẹ́. Mi ò lè bá yín ṣèlérí, mà, ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tó jí."

Owó tí ọkọ mi fi ń kọ́ ilé ní Ìkirè ló kó síbẹ̀. Mi ò ní kà á fún yín. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi dáwó, ìjọ dáwó. Àwọn ẹbí kan wá tí wọ́n fi ẹnu jẹ́jẹ́ sọ fún ọkọ mi pé ẹsẹ̀ ayé ni mo fi sáré, pé kó wádìí ẹni tó fún mi ní bàtà. Ó ní, "Èmi ni." Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́.

Àwọn ọjọ́ ìdí ẹ̀rọ yẹn dà pọ̀ mọ́ra wọn. Mo rántí pé yàrá náà tutù, pé ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin, pé mo ń rí ẹ̀jẹ̀ mi tó ń jáde lọ nínú rọ́bà, tó ń yí po, tó ń padà wálé. Bí mo bá ti di ojú, màá rí odò. Bàbá mi ṣì wà níbẹ̀, ó ń fọ kẹ̀kẹ́. Kì í wojú mi. Á kàn bi mí pé, "Fúnmi, ṣé iléèwé ti wọlé?" Èmi á ní, "Wọn ò tíì wọlé, bàbá." Á ní, "Ó dáa. Jókòó." Màá jókòó sórí òkúta, màá ki ẹsẹ̀ bọ omi. Kò sí ẹ̀rù níbẹ̀, kò sí ìrora. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ó máa ń wù mí láti padà síbẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí pé ó ti tó, inú mi kì í dùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìwọ náà bá ń rí irú rẹ̀, sọ fún ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ. Èmi ni mo ń sọ fún ọ pé orí rẹ ò dàrú.

Màmá kò padà sí Ìkirè. Ẹni tó ní òun ò ní wọ ọsibítù mọ́ láyé, ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ló tẹ́ ẹní sí. Àwọn nọ́ọ̀sì lé e títí ó fi sú wọn. Nọ́ọ̀sì kan wá fún un ní ife tí wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí lára, ó ní kó máa fi wọn ìtọ̀ mi. Ó di iṣẹ́ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan ife yẹn. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí nǹkan kan tí ó ń wọ̀n. Á gbé ife náà wá, á gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kan, mo wà ní ìdí ẹ̀rọ, mo di ojú, bàbá mi tún bi mí pé ṣé iléèwé ti wọlé. Mo fẹ́ fún un ní èsì tí mo máa ń fún un, ṣùgbọ́n mo rántí pé Tómi ti wá kí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Mo ní, "Wọ́n ti wọlé, bàbá."

Ó wá gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní, "Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Mo lajú. Mi ò rí odò náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo tọ̀. Ìsàlẹ̀ ife lásán ló bò. Màmá gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo wúrà. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, bó ṣe ń pe àwọn ará Ìkirè lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ó ti tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi ti tọ̀." Ó pe pásítọ̀ kẹ́yìn, ó ní kó máa ṣe àmín rẹ̀ wàyí.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìtọ̀ náà ń pọ̀, tó ń mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò fún mi léraléra bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, ó sì dọjọ́ kan tí dókítà ní kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró ká wò ó. A wò ó. Kíndìnrín mi jí.

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. Mo ti padà sí kíláàsì. Kíndìnrín mi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó tó mi lò. Mò ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá fún mi, mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mi ò sì jẹ́ fi ọwọ́ ara mi ra oògùn ara ríro, torí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ooru kì í bá mi ṣeré mọ́: bí kíláàsì bá kún jù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ti ń kọ́ wọn, àwọn ọmọ sì ti mọ̀. Èmi àti Àǹtí Rẹ̀mí ṣì ń rìn kí oòrùn tó yọ. Mi ò tíì sá ìdajì máratọ́ọ̀nù mìíràn, mi ò sì rò pé màá sá a. Àwọn tó bá fẹ́ sá a, mi ò ní kí wọ́n má sá a. Mo kàn ń sọ fún wọn pé bí ara bá ti ń gbóná kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n jókòó sílé. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, kí ètò tiwọn náà yí padà. Bí ẹnì kan bá sì ṣubú, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi tútù pa iná ara rẹ̀ kí wọ́n tó máa bèèrè orúkọ rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, dókítà mi kékeré yẹn pè mí. Ó ní ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì ní Ìlasamàjà wà lọ́dọ̀ àwọn ní ọsibítù. Iwájú ààrò ló ti ṣubú, ohun tó ṣe mí gan-an ló ṣe é, ó sì ní òun ò ní jókòó sí ìdí ẹ̀rọ kankan. Mo lọ bá a. Ó kọjú sí ògiri. Mo fi apá mi hàn án, ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ó fọwọ́ kàn án.

"Àǹtí," ló wí, "ṣé tèmi náà máa jí?"

Ó wù mí kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni. "Mi ò mọ̀," mo wí. "Tèmi jí."

Ó na apá rẹ̀ sí nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń wúwo lọ, ó ní kí n má lọ o. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo jókòó.